Àáró Tí Mo San Ní Àsantúnsan

Mo kéde ikú ẹni tó wà láàyè. Lórí ràdíò ni, láàárọ̀, ní àkókò tí àwọn ará Pobẹ̀ àti Sakété máa ń mu ẹ̀kọ tí wọ́n sì ń tẹ́tí sí orúkọ àwọn òkú. Mo ní Ògúndélé ará Agidi ti dágbére fáyé. Mo dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, mo sọ ibi tí wọn yóò sin ín sí, mo bá ẹbí kẹ́dùn. Ògúndélé fúnra rẹ̀ ló mú ìwé ìkéde náà wá fún mi lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kú. Orúkọ tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé, gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí tó ń pe àwọn èèyàn síbi ìsìnkú.

Mo ti padà lọ bá a ní Agidi pẹ̀lú ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀, kó lè sọ tẹnu ẹ̀.

"Mo ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ikú mi," ló wí. "Ìyàwó mi ti ké kó tó wojú mi. Mo ní, 'Ìwọ, ta lò ń sunkún ẹ̀?' Ó ní, 'Oníràdíò kì í purọ́.' Oòrùn ò tíì mú tí àwọn àna mi fi dé láti Yoko, wọ́n káwọ́ lérí. Ọ̀kan wà nínú wọn tí kì í bẹ̀ mí wò rárá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó sunkún dáadáa, torí mi ò mọ̀ bóyá ó máa ráyè wá nígbà tí mo bá kú lóòótọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Kò bínú sí mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọ́n sáré wọlé wá sọ fún mi ní ràdíò pé mo ti ṣi òkú pè, mo bá wọn jiyàn. Mo gbé ìwé náà sókè. Mo fi ìka tọ́ ọ. Mo rí orúkọ méjèèjì kedere, mi ò sì lè mọ èwo nínú wọn ló kú. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Akànbí ni orúkọ mi. Yoko ni wọ́n bí mi sí, ní abẹ́ Sakété. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi jẹun fún ohun tó lé lógún ọdún, ní ràdíò kékeré kan níbí. Àwọn èèyàn kì í pe orúkọ mi mọ́, Oníràdíò ni wọ́n ń pè mí. Mi ò tíì pé ọgọ́ta ọdún nígbà tí mo ṣi òkú pè. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ sí àkókò yìí, ọmọ mi Rẹ̀mí ló ń bá mi ka ọdún. Àìsàn tó ń ṣe mí ni èyí tó máa ń jẹ ìrántí èèyàn. Mo ń sọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ń ṣe òun náà, àti fún ẹgbẹ́ tí ẹni náà ń bá ṣe.

Ohun kan nìyí kí n tó tẹ̀síwájú. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ máa kà níhìn-ín, mi ò rántí rẹ̀. Mo lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó rí i, bí mo ṣe ń ṣe nígbà gbogbo, mo gba ohùn wọn sílẹ̀, Rẹ̀mí sì kọ ọ́. Ibi tí mo bá ti rántí fúnra mi, mo máa sọ.

Ìyàwó mi, Ìyá Rẹ̀mí, sọ pé àìsàn náà ti wọlé kí ọ̀rọ̀ Ògúndélé tó ṣẹlẹ̀. "Ẹ máa ń sọ ìròyìn kan náà fún mi lẹ́ẹ̀mejì ká tó jẹun tán. Mo rò pé iṣẹ́ ràdíò ló ràn yín, torí wọ́n máa ń tún ìròyìn sọ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ wá da iyọ̀ sínú ọbẹ̀ tí mo ti yọ iyọ̀ sí, tí ẹ tún da òmíràn sí i, mo kàn da ọbẹ̀ nù."

Èyí tí mo rántí fúnra mi ni ti ọ̀nà Pobẹ̀. Mo gun alùpùpù mi kúrò ní Sakété láti lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí omi ya wọ oko wọn. Ọ̀nà tí mo ti rìn láti ìgbà èwe ni. Mo ṣàdédé rí i pé mo ti dojú kọ ibodè Nàìjíríà. Mo dúró lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò létí títì, mo ní kó júwe Pobẹ̀ fún mi. Ó mọ ohùn mi.

"Háà, Oníràdíò!" ló wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ fún wa níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́! Ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ràdíò ni?"

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo ní kó má bínú, eré ni mò ń ṣe. Mo dúró títí tí alùpùpù mìíràn fi kọjá, mo tẹ̀ lé e, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ Pobẹ̀ ló ń lọ.

Ẹ̀yin tí nǹkan báyìí bá ń ṣẹlẹ̀ sí, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ má fi eré bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wí fún ẹnì kan nínú ilé.

Nígbà tí a lọ sí ilé ìwòsàn ní Pobẹ̀, bẹ́ǹṣì ti kún kí a tó dé. A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Obìnrin kan gbọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀, ó ní, "Ohùn yìí, ohùn òkú ni o!" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ mi, ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun kéde ewúrẹ́ òun tó sọnù, ewúrẹ́ dúdú tó ní funfun létí. Mo ṣèlérí. Ìyá Rẹ̀mí ní nígbà tó yá, obìnrin náà tún bi mí pé mi ò ní gbàgbé ewúrẹ́ òun, mo sì bi í pé, "Ewúrẹ́ wo?" Ó wò mí, ó kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó lọ jókòó níbòmíràn.

Wọ́n pè, "Mesíè Akànbí!" Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì pẹ̀lú àwọn yòókù, láti rí ẹni tí wọ́n ń pè.

"Bàbá Rẹ̀mí," ìyàwó mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin ni."

Dókítà náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọmọ Ègùn ni, ó ń sọ Faransé, ó sì ń fi Yorùbá díẹ̀ lù ú. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́kàn: ọsàn, àga, odò. A sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn, ó ní kí n wá ka àwọn ọ̀rọ̀ náà fún òun. Mo ní ọsàn. Ó ní, "Àwọn méjì tó kù ńkọ́?" Mo ní, "Méjì wo?"

Ó rán wa lọ sí Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí. Alùpùpù mi la tà láti fi ṣe é. Ìyá Rẹ̀mí ní ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀rù ti ń bà á bí mo bá gùn ún. Ẹni tó rà á ń gbé lẹ́bàá ilé wa. Mo máa ń gbọ́ dídún rẹ̀ láàárọ̀, mo sì máa ń jáde síta láti wo ẹni tó jí i gbé.

Nígbà tí a mú àwòrán náà padà, dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. "Kì í ṣe wèrè," ló wí. "Ẹnikẹ́ni ò ṣépè fún yín. Nǹkan kan ló ń ba ọpọlọ jẹ́ níbi tí ìrántí wà, díẹ̀díẹ̀. A ò ní oògùn tó máa lé e lọ. Àwọn kan wà tó lè dín wàhálà rẹ̀ kù. Ṣé ẹ ní ẹgbẹ́ tí ẹ wà?"

Mo ní mo wà nínú ẹgbẹ́ ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sakété, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ aláàáró ní Yoko.

"Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀," ló wí. "Ẹni tó bá jókòó sílé, kíá ló máa ń lọ."

Orúkọ tí àwọn ará ilé fún un ni arán. Wọ́n ní mo ń ṣarán. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ sí, ẹni tí wọ́n ti gbé sí yàrá ẹ̀yìn, tí àwọn ọmọdé máa ń lọ gbọ́ ìsọkúsọ rẹ̀ láti fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Pobẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀, kò gbà.

"Àbúrò mi kò ṣarán," ló ń pariwo. "Wọ́n gba iyè rẹ̀ ni. Ta ló ń fẹ́ ipò rẹ̀ ní ràdíò?"

Ó gbé ìsọ̀yè wá, ẹ̀tù dúdú tí wọ́n pò mọ́ oyin, èyí tí wọ́n máa ń fún ọmọ ilé ìwé kó má baà gbàgbé ohun tí tíṣà kọ́ ọ. Ó ní, "Èyí náà ni Bàbá wa fún ọ nígbà ìdánwò ìwé mẹ́fà, o sì yege." Mo ń lá a láàárọ̀ bí ọmọdé. Ó tún gbé àgbo wá. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìyàwó mi náà ní kí n gbààwẹ̀. Mo ń mu àgbo, mo ń gbààwẹ̀, mo ń lo oògùn dókítà. Ìgbẹ́ gbuuru dé, mo ṣubú nínú balùwẹ̀, mo fi orí ṣèṣe. Ìyá Rẹ̀mí kó gbogbo rẹ̀ sóde, ó ní àdúrà nìkan ló lè dúró pẹ̀lú oògùn dókítà nínú ilé òun.

Ìyá Bọ́sẹ̀ sunkún. "Bí mi ò bá gbé nǹkan wá, kí ni kí n gbé wá? Ṣé kí n kàn máa jókòó wò ó ni?"

Láti ìgbà náà, ó máa ń wá jókòó tì mí, ó sì ń wò mí. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ìyẹn náà tó. Rẹ̀mí ló rán mi létí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Mo fi ràdíò sílẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n lọ. Ẹgbẹ́ ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì ṣe tiwọn pẹ̀lú ọlá. Wọ́n pè mí síwájú ìjọ, wọ́n da aṣọ bò mí, wọ́n ní kí n lọ sinmi, mo ti ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, wọn ò pè mí sípàdé mọ́. Bí a bá pàdé ní ọjà, wọ́n máa ń bi ìyàwó mi nípa mi nígbà tí mo dúró níbẹ̀: "Ṣé ara rẹ̀ dá díẹ̀?" Bí ẹni pé mi ò ní etí.

Ó wá ku àáró, torí mo ń dá oko ní Yoko. Ẹ̀yin tí kì í ṣe àgbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ kó ara wọn jọ. Lónìí, gbogbo wọn á ro oko tìrẹ. Lọ́jọ́ mìíràn, ti ẹlòmíràn ló kàn, ìwọ náà á gbé ọkọ́ lọ. Owó ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n bá òun ro oko tí kò wá san tiwọn padà, wọ́n á ní ó jẹ àáró, orúkọ yẹn kì í sì í kúrò lára èèyàn. Ní Yoko, wọ́n lè fi fún ọmọ ọmọ rẹ.

Àìsàn yìí kó gbogbo nǹkan lọ, ó fi ìbẹ̀rù yẹn sílẹ̀ fún mi. Mo gbàgbé ọjọ́, mo gbàgbé ẹni tó kàn, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé pé àwọn èèyàn ti fi ọwọ́ wọn ro oko fún mi. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ọkàn mi á máa sọ fún mi pé mo jẹ ẹnì kan ní àáró. Mo máa ń gbé ọkọ́, mo máa ń jáde. Mo ń lọ san ohun tí mo ti san.

Fọlọ́runṣọ́ ni olórí ẹgbẹ́ wa. Ó ní, "Mo dé oko mi lọ́jọ́ kejì tí a ro ó tán, mo bá ọ níbẹ̀, ò ń fi ọkọ́ ha ilẹ̀ tó mọ́. Mo ní, 'Oníràdíò, a ti ṣe èyí lánàá.' O ní kí n má fi àánú bò ọ́ láṣìírí. Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹ, mo mú ọ délé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Táyé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa náà ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ẹlẹ́fẹ̀ ni, òun ló máa ń dúró níwájú mi lójú ọ̀nà tí á ní, "Oníràdíò, ta ni mí? Ẹ dárúkọ mi ká rí i!" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, mi ò sì ní rí orúkọ kankan lẹ́nu mi. Ó ṣẹlẹ̀ pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí oko Táyé. Mo lọ, mo tún lọ, mo tún padà lọ. Kò dá mi dúró.

Ìyá Rẹ̀mí tọ ipasẹ̀ mi débẹ̀. Ó sọ bí ó ṣe bá wa: "Ẹ wà láàárín ẹ̀gẹ́, òógùn bò yín, ẹ ń kọ ebè tuntun. Táyé jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó ń bó ọsàn. Mo ní, 'Táyé, ṣé ojú ẹ rèé?' Ó dìde. Ó ní, 'Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Òun ló ní òun jẹ mí.' Mo ní, 'Ó jẹ ọ́? Kí àgbàdo tó yọmọ ló ti san tìẹ!' Ó ní òun sọ fún yín, ẹ ò gbà. Mo ní, 'Ṣé ìdí tí o fi fún un ní ebè kíkọ nìyẹn?' Ó na ọsàn sí mi."

Mo lọ bá Táyé náà pẹ̀lú ẹ̀rọ mi. Kò sá. "Òótọ́ ni," ló wí. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo sọ fún yín pé ẹ ti san, ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ bú sẹ́kún, mo ní kí ẹ máa ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, mo ní ó dáa. Lọ́jọ́ kẹta, mo ti ń wo ọ̀nà yín. Kò sí bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí ó máa dára."

Wọ́n pe ìpàdé sí àgbàlá Fọlọ́runṣọ́. Wọ́n dá Táyé lẹ́bi, ó gbà láti bá mi ro oko dípò ohun tó gbà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kàn mí. Kò sẹ́ni tó bú mi. Fọlọ́runṣọ́ ní, "Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá lè rán ẹlòmíràn wá dípò. Kí ọkọ Rẹ̀mí máa wá. Oníràdíò á máa sinmi nílé." Ẹnì kan ní ó lè fi àdá ṣe ara rẹ̀ léṣe. Òmíràn ní bó bá sọnù sínú igbó ńkọ́, ta ni wọ́n máa dá lẹ́bi? Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Wọ́n ní mo jókòó, mò ń wolẹ̀.

Obìnrin kì í wá sí ìpàdé náà. Ìyá Rẹ̀mí wá. Kò wọlé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá, ó kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó sọ nìyí, bí Fọlọ́runṣọ́ ṣe tún un sọ fún mi:

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò mọ bí ó ṣe ń rí ní ọjọ́ tó bá wà nílé. Ó máa ń béèrè ìyá rẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé wọ́n ti kú. Á sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Kí oòrùn tó yẹ̀ orí, á tún béèrè. Ìyá kan ṣoṣo náà ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, mi ò mọ iye ìgbà. Ọjọ́ tó bá wá sóko lọ́dọ̀ yín nìkan ni kì í béèrè. Bí ẹ bá ní kó má wá mọ́, ẹ wá máa sọ fún un fúnra yín."

Táyé ní, "Kí èmi máa wà lórí poro kan náà pẹ̀lú rẹ̀."

Ẹnì kan ní, "Ìwọ? Kó tún wá máa kọ ebè fún ọ?"

Táyé ní, "Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ jẹ. Èmi ni kẹ́ ẹ fi ṣọ́ ọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà fún un.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ yòówù lè ṣe é. Ẹni tó ni oko máa ń wá mú mi nílé. Wọ́n gba àdá kúrò lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọkọ́ sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kì í sọ pé "ṣe èyí, ṣe tọ̀hún" lẹ́ẹ̀kan náà. Á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi náà á wo ọwọ́ rẹ̀. Wọn kì í bi mí mọ́ pé "ta ni mí?" Orúkọ wọn ni wọ́n fi ń kí mi. Táyé ní tirẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Oníràdíò. Táyé ni o, ọ̀lẹ tó rẹ́ yín jẹ." Nígbà tí a bá ṣíwọ́, ẹni tó ni oko á bá mi délé, á dúró níwájú ìyàwó mi, á ní, "Ìyàwó wa, ó ti san tèmi lónìí." Bí mo bá wá gbé ọkọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Rẹ̀mí á ní, "Ẹni tó ni oko ti wá jẹ́rìí níṣojú mi." Mo máa ń gbé ọkọ́ sílẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń gbà á gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, mo ṣáà ń gbà á gbọ́.

Ìyẹn kò wo àìsàn náà sàn. Mi ò ní purọ́ fún yín. Lẹ́yìn òjò tó kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe Rẹ̀mí ní orúkọ ìyá mi. Mi ò lè ka ìwé mọ́. Bí mo bá ka ìlà kan dé òpin, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Ọ̀rọ̀ oko kan tí Táyé ròyìn fún mi ló dùn mí jù. A ń ro oko, gbogbo ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Mo nàró, mo wò yíká, mo bi Táyé pé, "Oko ta ni a wà yìí?"

Oko mi ni. Èmi ni ó kàn lọ́jọ́ náà.

Táyé ní, "Oko Akànbí ni."

Mo ní, "Ṣé èèyàn dáadáa ni?"

Ó ní, "Ó ń gbìyànjú."

Mo ní, "Ká tètè parí fún un nígbà náà, kó má baà rò pé a ò kà á sí." Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó kíkankíkan. Táyé ní òun ní láti lọ dúró lẹ́yìn igi ọ̀pẹ kan fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá sọ fún pé àìsàn yìí ló ń ṣe yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní kíákíá, ẹ mú ẹnì kan dání tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ fún yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àgbo, ààwẹ̀ àti oògùn kún inú yín papọ̀. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ yín kí wọ́n tó rí i fúnra wọn. Àwọn kan á da aṣọ bò yín, wọ́n á lé yín lọ. Ẹ wá àwọn tó kù. Ẹ̀rù á máa bà yín. Ó ń ba èmi náà, pàápàá láàárọ̀.

Kí n tó parí èyí, mo lọ bá àwọn aláṣẹ láti béèrè ohun tó kàn, bí iṣẹ́ wa ṣe kọ́ mi. Ìyá Rẹ̀mí ló mú mi lọ. Dókítà ní Pobẹ̀ ní òun á máa rí mi, òun á sì máa wo bí oògùn ṣe ń bá mi lára mu, ṣùgbọ́n òun ò lè sọ pé òun á dá ohunkóhun padà. Olórí àgbègbè wa, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Sẹ́fù, ní òun máa pe àwọn olórí ẹgbẹ́ jọ kí Fọlọ́runṣọ́ lè sọ fún wọn bí tiwọn ṣe ń ṣe é. Ó ní kí n wá. Ó ní bí mi ò bá lè sọ̀rọ̀, kí n kàn jókòó.

Fọlọ́runṣọ́ ni mo fi kádìí. Ilé wa ló ti wá bá mi, a jókòó sábẹ́ ìbòji, mo tan ẹ̀rọ. Mo bi í pé: ọjọ́ tí ọwọ́ mi ò bá lè di ọkọ́ mú mọ́, tàbí tí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ọkọ́ ṣe, kí ni ẹgbẹ́ máa ṣe nípa mi?

Rẹ̀mí ló tún èsì rẹ̀ lù fún mi láti inú ẹ̀rọ.

"A ti jókòó lé e lórí," ló wí. "Láti òjò tó ń bọ̀, a ó máa ro tìẹ, ìwọ ò ní máa san."

Èèyàn kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wa máa ń ro oko fún tí wọn kì í retí kó san: opó ọmọ ẹgbẹ́ tó ti kú. Èyí, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní òun mọ̀.

Ìyá Rẹ̀mí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Rẹ̀mí ní ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Fọlọ́runṣọ́ yíjú sí i. "Ìyàwó wa, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí a sọ?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ṣé ẹ gbà á?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. "Ọjọ́ wo lẹ máa wá?"

Fọlọ́runṣọ́ ní bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, lọ́jọ́ kejì ọjà, kí wọ́n tó ro oko ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, ti opó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ro.